Òkúta Kẹtàlélọ́gọ́ta

Ìyá onígbálẹ̀ kò mọ orúkọ òkúta kan ṣoṣo nígbà tó kọ́kọ́ wọ yàrá náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ nípa ìwúwo òkúta. Ìdí òkúta ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ a máa jókòó lórí àpò kíká létí kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta, òòlù ní ọwọ́ ọ̀tún, awẹ́ táyà ní ọwọ́ òsì, èyí tó fi ń há òkúta mọ́lẹ̀ kó má baà ta sí i lójú, láti ìgbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kí ọmọ náà tó pé ọdún méje, ó ti ní òòlù tirẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́ òkúta di wẹ́wẹ́ tán, wọn kì í kó o bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Wọn á dà á sínú bàsíà, wọn á rẹ ẹ́ sómi, wọn á fi ọwọ́ rò ó, wọn á da omi funfun náà nù, wọn á tún bu òmíràn, títí gbogbo eruku yóò fi lọ tí òkúta yóò sì máa kọ mànà nínú oòrùn.

"Òkúta tó dọ̀tí ń tú àṣírí ẹni tó fọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. "Rẹ ẹ́ sómi."

Omi mú eruku kúrò lára òkúta, kò mú un kúrò láyà ìyá náà. Ikọ́ gbígbẹ ló gbé e lọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọmọ náà kò pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kó tó fẹ́ awakọ̀ kan tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́. Ó bí ọmọbìnrin kan fún un. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin kò jí mọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò wá, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òmíràn ń bọ̀." Òmíràn sì wá lóòótọ́. Ọkùnrin ni, ọmọ gidi, tí kò fún un ní wàhálà kankan dòní olónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin náà padà wá kí i, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé, "Ṣé o rí i báyìí pé ó ti padà?" ó kàn dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun ni. Kò sí ọjọ́ kan tó ṣi ọmọ yìí mú fún èyí tó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni awakọ̀ náà rí ìyàwó mìíràn ní ìdíkọ̀ kan tó jìnnà, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó rí iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, àti yàrá òkúta. Yàrá gígùn ni, fèrèsé mẹ́ta ló kọjú sí ìlà oòrùn, àpótí onídígí kan sì gba gbogbo ara ògiri òdìkejì. Òkúta mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú rẹ̀, kálukú nínú àyè tirẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ pépà kékeré kan mọ́ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, pépà tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ. Orúkọ òkúta wà lórí rẹ̀, ìran tó ti wá, àti ibi tí wọ́n ti gbé e.

Ẹni tó kó àwọn òkúta náà jọ ni Tíṣà. Olùkọ́ mìíràn pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti ní Tíṣà, òun ni wọ́n ń bá wí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ò ga, ó sì máa ń fẹ́ kí nǹkan rí bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Àṣẹ kan ṣoṣo ló pa fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Ìyá, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ máa fi nù wọ́n. Omi ò gbọdọ̀ kàn wọ́n." Kò béèrè ìdí rẹ̀. Ó rò ó sí àṣejù àwọn ọ̀mọ̀wé. Òkúta kẹ̀! Ṣé òjò kì í pa òkúta ni?

Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn, ó sì ń fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Olókùúta, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí Tíṣà bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú yàrá náà ló máa ń gbá, ìgbálẹ̀ ọjọ́ náà a sì máa pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé àlùmọ́nì àti òkúta kì í ṣe ohun kan náà.

"Àlùmọ́nì ni ẹnì kan," Tíṣà á wí. "Òkúta ni agbo ilé. Ẹ gbé akọ òkúta yìí sójú oòrùn, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí funfun tó dà bí dígí, ẹ ó rí pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó rí dúdú tó ń tàn tó sì ń ṣí léwé léwé. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n kàn jọ ń gbélé ni."

"Tíṣà, ta ni baálé nínú wọn?" ni akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí ọbẹ ò ràn," ni Tíṣà dá a lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Ó mú ọbẹ, ó ha ibi funfun tó dà bí dígí náà. Ọbẹ ló fi ara pa.

Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n má fi àwọ̀ dá àlùmọ́nì mọ̀, nítorí àwọ̀ máa ń parọ́. Ẹ fi èékánná ha á. Bí èékánná ò bá ràn án, ẹ lo owó idẹ. Bí owó idẹ ò bá ràn án, ẹ mú ọbẹ. Ẹ fi fa ìlà sẹ́yìn táìlì, ẹ wo àwọ̀ ìlà náà, nítorí òkúta irin lè dúdú lójú, ìlà rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé irin òòfà sún mọ́ ọn. Ẹ kán ásíìdì sí i, kí ẹ gbọ́ bóyá yóò hó. Èyí tó bá kù, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti gbé e, nítorí òkúta tí a kò bá mọ ibi tó ti wá, òkúta ojú ọ̀nà lásán ni.

Lẹ́yìn náà ló máa ń sọ ti ìran mẹ́ta tí gbogbo òkúta ayé ti wá. Àwọn kan jẹ́ ọmọ iná: wọ́n ti yọ́ rí bí òjé lórí ẹyín iná, wọ́n sì tutù di líle. Àwọn kan jẹ́ ọmọ omi: iyanrìn, amọ̀, ìkarahun, àti ohun tí omi fi sílẹ̀ nígbà tó gbẹ, tí wọ́n gorí ara wọn ní ìpele ìpele. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ilẹ̀ fún. Wọ́n ti bí àwọn yìí sí ilé kan tẹ́lẹ̀, kí ìwúwo àti ooru tó sọ wọ́n di ẹlòmíràn. Mábù ti jẹ́ òkúta ẹfun rí. Síléètì tí àwọn baba wa fi kọ́wèé ti jẹ́ ẹrẹ̀ rí.

Nígbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ti ẹ̀kẹta yìí, ó dá ìgbálẹ̀ dúró. Ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ fún un ìran tí òun ti wá.

Ara àwọn pépà kékeré yẹn ló ti kọ́ ìwé kíkà. Ó mọ òkúta ẹfun lójú, ó sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu Tíṣà; ó wá ń wo bí orúkọ náà ṣe rí lórí pépà. Lọ́jọ́ kan Tíṣà bá a níbi tó ti ń mi ètè.

"Kí lẹ kà níbẹ̀?"

"Mábù," ló wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ògiri ni, Tíṣà. Ẹ̀yin ń sọ ọ́ nínú, èmi ń gbọ́ ọ níta."

Láti ọjọ́ yẹn, Tíṣà máa ń yọ òkúta kan sórí tábìlì kó tó lọ sílé, pépà rẹ̀ á kọjú sókè. Bó bá di àárọ̀, á ní, "Èwo ni ti àná?" Bí ìyá bá gbà á, Tíṣà á ní, "Ó dáa." Bí kò bá gbà á, òkúta náà á sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Òkúta tó gbẹ̀yìn nínú àpótí, ìkẹtàlélọ́gọ́ta, kéré ju àwọn yòókù lọ. Kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, ó mọ́ gaara, ó sì ní igun mẹ́rin mẹ́rin bí ẹni pé wọ́n fi ayùn gé e. Ìyàwó Tíṣà ló rí i. Ọ̀sẹ̀ kejì ìgbéyàwó wọn ni, wọ́n ń rìnrìn-àjò kọjá ilẹ̀ gbígbẹ kan tí omi adágún ti fi sílẹ̀ láti ìgbà láéláé. Ìyàwó sọ̀kalẹ̀ láti na ẹsẹ̀, ó fi bàtà gbá nǹkan, ó he é, ó lá a, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ mi, o wá òkúta títí, èmi ni mo rí èyí tó ṣe é jẹ." Iyọ̀ òkúta ni. Ó dì í sí gèlè títí wọ́n fi délé. Tíṣà máa ń sọ ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún, ohùn rẹ̀ a sì máa yí padà díẹ̀ níbẹ̀.

Tíṣà fẹ̀yìn tì. Ọdún kejì, ìyàwó rẹ̀ kú. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì tẹ́lẹ̀ wá ṣú pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń mú un jáde nílé ni àwọn òkúta rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ọmọ rẹ̀ obìnrin á fi ọkọ̀ gbé e wá, á jókòó dè é níta. Ìyá Olókùúta á gbé àga sí iwájú àpótí, á sì máa gbé òkúta lé e lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà á wọ̀n ọ́n wò, á fi àtàǹpàkò ra á, á pe orúkọ rẹ̀. Ìkẹtàlélọ́gọ́ta ló máa ń gbẹ̀yìn. Á fi orí ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Ó ṣì wà." Nígbà náà ni yóò tó dìde.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n ń tún ilé ẹ̀kọ́ kùn. Ìyá Olókùúta gba ìsinmi ọjọ́ méjì láti lọ wo ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun. Nígbà tó fi máa dé lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ́ńtà ti sún àpótí kúrò lára ògiri. Kó lè sún un, ó ti kó gbogbo òkúta jáde, ó sì dà wọ́n jọ sí àárín yàrá. Ẹfun tó fi ń kun àjà ti kán sí wọn lára, ó ti gbẹ mọ́ wọn.

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" ló pariwo mọ́ ọn.

Pẹ́ńtà náà wà lórí àkàbà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Màmá, òkúta mà ni. Ariwo tí ẹ ń pa yìí, èèyàn á rò pé ẹyin ni mo fọ́."

"Bó o bá mọ olówó wọn, o ò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ bá mi bẹ olówó wọn. Ẹ ní ẹ̀fúùfù ló gbé mi."

Ó mú aṣọ gbígbẹ, ó nù ún títí. Ẹfun náà kàn ń tàn káàkiri ni. Ọjọ́bọ̀ tí Tíṣà ń bọ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà. Ó dìde dúró, ó wo òkúta tí wọ́n kó jọ gègèrè sílẹ̀, tí eruku funfun bò, gẹ́gẹ́ bí òkúta tó ń dúró de oníbàárà. Kì í ṣe orí rẹ̀ ló ṣe ohun tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ ni, ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́. Ó gbé bàsíà mẹ́rin wá, ó pọn omi kún wọn, ó bu ọṣẹ díẹ̀ sí i, ó sì ń kó òkúta sínú wọn lẹ́kúnwọ́ lẹ́kúnwọ́, láìwò wọ́n, bó ti ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ó ní kí wọ́n rẹ dáadáa di ọjọ́ Ajé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó ṣílẹ̀kùn, àwọn pépà náà ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń léfòó lójú omi bí ewé tó já sódò, àwọn mìíràn ti dojú dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì kó wọn jáde, ó tẹ́ wọn sórí ìwé ìròyìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yíńkì wọn ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣe é kà. Ó kà wọ́n: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó wá kó àwọn òkúta, ó kà wọ́n: méjìlélọ́gọ́ta. Ó tún wọn kà. Ó yẹ abẹ́ tábìlì wò.

Pẹ́ńtà lọ́kàn rẹ̀ lọ bá.

"Ta ló tún wọ yàrá yìí? Ìwọ nìkan náà ni. Gbé òkúta mi fún mi."

Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti pé jọ. Pẹ́ńtà tú àpò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn: búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, ọbẹ ìhagiri, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, redíò tí kò sọ̀rọ̀. "Màmá, èmi tí mò ń gun àkàbà láti àárọ̀, bí mo bá fẹ́ jalè, ṣé òkúta ni n ó gbé sápò? Ẹrù tèmi ò tíì wúwo tó ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n, nítorí kò sí ẹni tó dùn mọ́ kí wọ́n pè é lólè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Olókùúta padà sínú yàrá, ó tẹ ọwọ́ bọ inú bàsíà kẹrin bóyá ohun náà rì sí ìsàlẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré kan wà ní ìka rẹ̀. Ó ta á. Ó yọ ọwọ́ jáde, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi kan ahọ́n.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ta ni kò mọ̀ pé iyọ̀ ń yọ́ nínú omi? Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi nu òkúta yìí pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìran rẹ̀, ó mọ gèlè tí wọ́n dì í sí. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí ó rántí, ó ti sọ gbogbo wọn di òkúta wẹ́wẹ́.

Ó dìde, ó jáde lọ bá pẹ́ńtà nídìí àkàbà, àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Mo parọ́ mọ́ ọ. Èmi ni. Èmi ni mo fi omi pa á."

"Màmá, ẹ dìde, ẹ dìde jọ̀ọ́. Ta ni kì í ṣèèṣì?"

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ó da omi bàsíà mẹ́ta àkọ́kọ́ nù, ṣùgbọ́n kò da ti ẹ̀kẹrin. Ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó gbé e kaná lórí sítóòfù nínú búkà àwọn onígbálẹ̀, ó jókòó tì í títí omi fi fà tán. Ohun tó kù nídìí ìkòkò rí bí eérú. Ó há a sínú ìgò oògùn kan, kò kún un dé ìdajì.

Lẹ́yìn náà ló dojú kọ àwọn méjìlélọ́gọ́ta. Kò sí ìwé tí Tíṣà kọ wọ́n sí. Orí rẹ̀ ni ìwé náà. Ó tò wọ́n sórí tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó èékánná rẹ̀, owó idẹ kan, ọbẹ, ẹ̀yìn táìlì, irin òòfà àti ìgò ásíìdì jọ, ó bẹ̀rẹ̀. Òkúta pọ́dà rọrùn, èékánná ràn án. Imí ọjọ́ ń rùn, kò sì sí òkúta mìíràn tó pọ́n bí ìyeyè bẹ́ẹ̀. Òkúta tìróò wúwo ju bó ti tóbi lọ, ìlà rẹ̀ sì ṣú bí eléérú. Méjì nínú àwọn dúdú jọra bí ìbejì. Ó fa ìlà wọn sẹ́yìn táìlì, ti ọ̀kan pọ́n, ti èkejì dúdú, irin òòfà sì fò mọ́ èkejì yìí. Òkúta ẹfun hó, mábù náà hó. Ó gbé wọn síta, ó yí wọn nínú oòrùn: ti mábù ń dán wínní wínní bí ìrì, ti òkúta ẹfun kò dán, ó sì ní àwòrán ìkarahun kékeré kan lára. Bí ọ̀kan bá ti dá a lójú, á fi gọ́ọ̀mù lẹ pépà rẹ̀ padà. Bí kò bá dá a lójú, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní méfò.

Ní ọjọ́ Rú lọ́sàn-án, pẹ́ńtà wọlé, ó tú ìdì kan lórí tábìlì. Iyọ̀ òkúta ni, bí ẹyin ẹyẹlé, gaara, onígun mẹ́rin mẹ́rin.

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin màlúù ni mo ti rí i. Wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀ fún màlúù láti lá. Ẹ gbé e sí àyè tó ṣófo yẹn, màmá. Kì í ṣe ayédèrú. Bàbá ò sì ríran."

Ó mú un, ó wọ̀n ọ́n wò. Ó fi owó idẹ ha á, owó idẹ ràn án. Ó kán ásíìdì sí i, kò hó. Ó fi ahọ́n kàn án. Kò sí ìdánwò tí kò yege. Ó gbé e sí àyè kẹtàlélọ́gọ́ta, ó bá àyè náà mu rẹ́gí. Ó dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Irú kan náà ni," ló wí.

"Ṣé ẹ rí i? Mo ní irú kan náà ni!"

"Mo gbọ́. Ṣé o ti bímọ?"

"Mẹ́ta, màmá."

"Ọlọ́run á dá wọn sí." Ó yọ òkúta náà kúrò ní àyè, ó fi sínú àpò aṣọ rẹ̀. Kò sọ fún pẹ́ńtà bóyá yóò lò ó tàbí kò ní lò ó, nítorí òun náà kò tíì mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà dé. Ó ti fọn sí i, aṣọ ń fẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó, ó na ọwọ́. Ìyá Olókùúta gbé èyí àkọ́kọ́ lé e.

"Akọ òkúta. Ọmọ iná." Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lórí pépà. "Gọ́ọ̀mù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà."

Kò béèrè nǹkan mìíràn. Wọ́n ń bá a lọ: Tíṣà á pe orúkọ, ìyá á wo pépà, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Nígbà tó kan èyí tí pépà rẹ̀ sọ pé òkúta iyanrìn tí ilẹ̀ fún, Tíṣà ra á, ó sì mi orí.

"Rárá. Ẹ fún mi ní ọwọ́ yín." Ó fi òkúta náà ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ iyanrìn tó ń bọ́? Ọmọ omi lásán ni. Èyí ò tíì jìyà."

Ìyá Olókùúta wá èkejì rẹ̀, ó pààrọ̀ pépà wọn. Méjì péré ló ṣì mú fún ara wọn nínú méjìlélọ́gọ́ta.

"Ó ku ọ̀kan," ni Tíṣà wí, ó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

Iyọ̀ àwọn màlúù wà nínú àpò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú àpò, ó ti dì í mú. Tíṣà á fi ahọ́n kàn án, á ní, "Ó ṣì wà," á dìde, á lọ sílé ní àlàáfíà. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé. Ó ṣí ẹnu, ohun tó wá sí i létí ni ohùn àwọn obìnrin tó jókòó sórí ẹní: ṣé o rí i báyìí pé ó ti padà?

Ó kúnlẹ̀. "Tíṣà, mo fi omi fọ̀ wọ́n. Ẹfun dà sí wọn lára, mo rẹ gbogbo wọn sómi bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ó ti yọ́. Kò sí mọ́."

Ọwọ́ Tíṣà wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀. Kò ká a.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Wọ́n bá mi wá òmíràn tó jọ ọ́, ó wà lápò mi níbí. Mo fẹ́ gbé e lé yín lọ́wọ́. Mi ò lè gbé e lé yín lọ́wọ́."

"Ibo ló ti wá, òmíràn yẹn?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin màlúù. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i."

"Òkúta tí a kò bá mọ ibi tó ti wá," ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀, bó ti máa ń wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Ó ní, "Omi náà ńkọ́?"

"Mo sè é gbẹ. Ó wà nínú ìgò."

"Ẹ gbé e wá."

Ó da díẹ̀ sí i látẹ́lẹwọ́. Tíṣà tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ rún.

"Ọṣẹ wà nínú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà."

"Ẹfun náà wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Omi ń dà lójú rẹ̀ tí kò ríran, kò sì gbé ọwọ́ nù ún. Ó gbọn ìyókù inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà sínú ìgò, ó ń wá ẹnu ìgò náà pẹ̀lú ìka kí ẹyọ kan má baà ṣòfò.

"Ẹ fi í sí àyè rẹ̀," ló wí. "Ẹ kọ pépà tuntun fún un. Orúkọ àtijọ́ yẹn kò bá a mu mọ́."

"Kí ni n ó kọ?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Tíṣà, mi ò kọ̀wé rí láyé mi."

"Ẹ ti ń kà á fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n." Ó dìde, ó wá ọ̀pá rẹ̀. Kò ní kó dìde nílẹ̀, kò dárí jì í, kò bá a wí. Kò sì sọ ohun tó máa ń sọ kó tó lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá fà á lọ́wọ́ níbi ilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù tó tẹ̀ lé e, Ìyá Olókùúta gbé àga síwájú àpótí. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ní oṣù kejì, ó tún gbé e. Ìgò náà wà ní àyè rẹ̀ láìní pépà. Ó ti gé pépà náà, ó wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ìgbàkúùgbà tó bá mú báírò, ó máa ń dà bí ẹni pé òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun kọ ẹjọ́ òun. Ó ní bó bá di ọ̀la. Ó ní bí Tíṣà bá tún wá, á kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ọmọ Tíṣà nìkan ló wọlé, ó wọ dúdú.

"Ẹ kú ìrọ́jú, màmá," ló wí, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ìyá náà ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "A sin wọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọn ò jìyà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín, ní bí ọjọ́ méjì kí wọ́n tó lọ. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, 'Lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Olókùúta, ṣé ó ti kọ ọ́?'"

Ìyá Olókùúta wo pépà tó wà lórí tábìlì. Kò sí nǹkan lára rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Mi ò tíì kọ ọ́."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó jókòó sórí àga tó gbé kalẹ̀ fún Tíṣà. Ó ba pépà mẹ́wàá jẹ́. Ìkọkànlá ló lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà, lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó wà lórí rẹ̀ nìyí:

*Iyọ̀. Ọmọ omi. Ìyàwó Tíṣà ló rí i. Ó ti jẹ́ òkúta rí. Èmi ni mo fi omi fọ̀ ọ́.*